Ẹṣin Idẹ ní Ilẹ̀ tí Ẹṣin Kì í Pẹ́

Ẹni tó bá gba Ìdírókò kọjá sí Ìgólò, tó dé Àjàṣẹ́, tó wá forí lé Kùtọnu títí dé ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú, yóò bá ọkùnrin kan pàdé lórí ẹṣin. Bio Guéra ni orúkọ rẹ̀. Jagunjagun ará Bàrùbá ni, ọmọ àwọn Wasangari tó fi ẹṣin jagun láti ayébáyé. Ó bá àwọn Faransé jà títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 1916. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ni Ààrẹ Patrice Talon ṣí ère náà, lọ́jọ́ kan náà tó ṣí ère obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì tó ga tó mítà 30, tí wọ́n fi idẹ bò látòkè délẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àgọ́ṣáṣá tó ń ná ọjà Kùtọnu ló ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ère wọ̀nyí. Ohun tí wọn kì í sábà béèrè ni pé, kí ni ẹṣin wá ṣe létí òkun? Apá òkè pátápátá, nítòsí odò Ọya, ni ilẹ̀ Bàrùbá wà. Àgọ́ṣáṣá ní tirẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ilẹ̀ Ànàgó, inú ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ àti àgbàdo ló jókòó sí, létí ẹnubodè. Ewúrẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àgùntàn pọ̀, ọ̀kadà kò lóǹkà. Ẹṣin, ó di ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwúyè.

Síbẹ̀, ilẹ̀ yìí gan-an ni ẹṣin fi ṣe ọ̀nà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo sì gbà pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn ọ̀nà yẹn kò lè mọ ìdí tí àwọn baba wa fi ń gbẹ́ ọkùnrin tó jókòó lórí ẹṣin, tí wọ́n ń fi idẹ rọ ọ́, nílẹ̀ tí ẹṣin alààyè kì í ti í pẹ́ kú.

Eṣinṣin tsetse ló ń pa wọ́n. Inú igbó tó tutù, létí omi, ló ń gbé. Bó bá ti bu ẹṣin jẹ, àrùn tó gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sọ ọ́ di egungun lójú olówó rẹ̀, kó tó wá kú. Màlúù pàápàá kò ríbi sá sí, àfi irú kúkúrú tí kò ní iké lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Muturu, tí ara rẹ̀ ti bá àrùn náà mọ́ra. Ìdí nìyí tí ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kò fi lè wọ Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó bó ṣe wù ú. Igbó kìjikìji dí ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ní apá ìwọ̀-oòrùn, láti agbègbè Kétu wá sí Yewa títí lọ dé Àgbómẹ̀, igbó já. Ọ̀dàn ya wọlé láti òkè, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ibi tí koríko bá gbà lẹṣin ń gbà, Ọ̀yọ́ sì mọ ibi tí koríko gbà.

Ọ̀yọ́ kò bí ẹṣin fúnra rẹ̀. Ó ń rà á lọ́wọ́ Tápà, lọ́wọ́ Bàrùbá, lọ́wọ́ àwọn Hausa. Lẹ́yìn tí Tápà ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n lọ ń ṣe àtìpó ní Ìgbòho, ni wọ́n fọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé nígbà Aláàfin Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀, wọ́n ń so ewé ńlá mọ́ ìrù àwọn ẹṣin tó bá kẹ́yìn ogun kó lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ lórí ilẹ̀. Ọgbọ́n ogun nìyẹn! Láàfin, ẹṣin tóbi débi pé olóyè kan wà tó ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin, tó gbọ́dọ̀ bá ọba lọ bí ọba bá wàjà. Òun ni Wole Soyinka gbé eré rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1975 lé lórí, òun náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣeré ṣáájú rẹ̀ nínú Ọba Wàjà.

Ní ọdún 1726 ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ ya bo Dàhọ̀mì, nígbà ọba Agaja. Wọ́n tún padà lọ ní 1728, ní 1729, ní 1730. Àwọn Dàhọ̀mì kò ní ẹṣin ogun. Ìbọn ni wọ́n ní, àti yàrà, àti ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń sá wọ igbó títí òjò fi dé, nítorí ìgbà òjò kò gba ẹṣin. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tó wà létí òkun nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà kan wà tí Agaja fi ọtí líle àti ẹrù sílẹ̀ nínú ìlú tó sá kúrò. Àwọn ará Ọ̀yọ́ dé, wọ́n mu ún ní àmuyó, wọ́n sùn. Dàhọ̀mì wá bá wọn lójú oorun. Àmọ́ ọtí kò lè borí ẹṣin títí. Láti 1748 ni Dàhọ̀mì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún, ó sì tó nǹkan bí 1823, nígbà ọba Gezo, kó tó já ara rẹ̀ gbà.

Ọ̀nà tí ogun gbà náà ni òwò gbà lẹ́yìn náà. Nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ di ẹnu ọ̀nà òkun fún Ọ̀yọ́. Kí ọ̀nà náà má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn, Ọ̀yọ́ fi èèyàn tirẹ̀ sí i. Ní Ìjànà, nítòsí Ìlaròó, Onísàrẹ́ tó jẹ́ aṣojú Aláàfin ló wà níbẹ̀, tó ń gbowó bodè, tó ń ṣọ́ ẹrù. Ẹrú ni wọ́n ń kó sọ̀ kalẹ̀ jù. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé mò ń yin ẹṣin. Èèyàn tí wọ́n so mọ́ra wọn ló fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà yìí dán, tó fi di ojú pópó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, òyìnbó ará Scotland kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gba Àgbádárìgì gòkè. Ó kọjá ní Ìpókíá, ó kọjá ní Ìhùnbọ̀, ó dé Ìjànà, ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1826. Ibà pa Captain Pearce àti Dókítà Morison tó bá a rìn lójú ọ̀nà. Nínú ìwé tó kọ, kì í ṣe ogun nìkan ló sọ. Ó sọ nípa ilẹ̀kùn àti òpó ààfin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fín, pé erè tó ń pa ẹtu tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wà lára wọn, pé àwọn jagunjagun tó tò lọ tò bọ̀ pẹ̀lú àwọn onílù wà níbẹ̀. Ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà lọwọ́ ń gbẹ́ sára igi.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò lórí igi bọ́ sórí idẹ.

Ẹlẹ́ṣin àgbà nínú idẹ kò ti Ọ̀yọ́ wá, kò sì ti Bìní wá. Igbo-Ukwu ló ti wá, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní ọdún 1939 ni Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ọkọ́ rẹ̀ bá idẹ nínú ilẹ̀. Nígbà tó di 1959, Thurstan Shaw wá hú ibẹ̀ bó ti yẹ. Lára ohun tí wọ́n rí ni èèkù kan tí wọ́n fi idẹ rọ, tí ọkùnrin kan gun ẹṣin lórí rẹ̀. Nǹkan náà kò tóbi, ọwọ́ kan lè dì í mú. Orí ẹni tó gùn ún tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ẹṣin náà fúnra rẹ̀, ìlà sì kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Inú igbó ni Igbo-Ukwu wà, níbi tí eṣinṣin tsetse kò ní jẹ́ kí ẹṣin pẹ́. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ẹṣin ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí níwọ̀nba, tí wọ́n ń fi ìyanu rọ.

Ti Bìní ló gbajúmọ̀ jù. Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ ìlú náà ní ọdún 1897 ló tú wọn ká ayé. Ọ̀kan wà ní London di òní. Ẹlẹ́ṣin náà dé adé ìyẹ́ gíga tó yí orí rẹ̀ ká bí ìtànṣán oòrùn. Ó wọ ẹ̀wù tó dà bí àwọ̀n. Ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọ̀kọ̀ ti wà lọ́wọ́ kejì rí. Ẹsẹ̀ ẹṣin náà kúrú, ó ki, ó sì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ta ni ọkùnrin yìí? Ìtàn Bìní sọ pé Ọ̀rànmíyàn ló mú ẹṣin wọ ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òun ni. Ní ọdún 1986, Joseph Nevadomsky kọ ọ́ pé Àtá Ìdá ni, ọba Ígálà tí Ọba Ẹsigie bá jagun ní nǹkan bí ọdún 1515. Àwọn mìíràn ní ìránṣẹ́ láti òkè ni. Ní tèmi, ti Àtá Ìdá wù mí jù, nítorí pé èèyàn a máa fẹ́ rọ ẹni tó ṣẹ́gun sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó jẹ́ èyí tàbí ìyẹn, kò sí èyí tó sọ pé ará Bìní lásán ni. Àlejò ni ẹlẹ́ṣin nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Láti òde ló ti ń bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ rèé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Amọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ inú rẹ̀, ìrísí ẹṣin lásán. Wọ́n á yọ́ ìda oyin, wọ́n á fi bo amọ̀ náà, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ àti ìka ya gbogbo iṣẹ́ ọnà sára ìda: ìjánu, gàárì, ìyẹ́, ìlà ojú. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí lára idẹ, ara ìda ló ti kọ́kọ́ wà. Wọ́n á tún fi amọ̀ kíkúnná bo ìda, wọ́n á fi èyí tó ki bo òde, wọ́n á fi ojú ihò sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e síná, ìda á yọ́, á ṣàn jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo. Idẹ tó ti yọ́ ni wọ́n á dà sí àyè náà. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ dànù, wọ́n á fá a, wọ́n á yọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ kan ń rọ ère kan, kò sí méjì.

Ẹṣin ń fún alágbẹ̀dẹ idẹ níṣòro. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní. Bí idẹ bá tutù kó tó ṣàn dé pátákò, ẹsẹ̀ kan ti sọnù nìyẹn. Ara ìdí tí wọ́n fi ń mú un ki, kó sì kúrú, nìyẹn. Idẹ fúnra rẹ̀ kò wá bẹ́ẹ̀ láti inú ilẹ̀, àdàpọ̀ ni. Ní Igbo-Ukwu, bàbà, tánganran àti òjé ni wọ́n pò pọ̀. Ní Bìní, bàbà àti síǹkì ló pọ̀ jù, ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn Potogí ń kó wá ni wọ́n sì ń yọ́ lò. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé etí odò Rhine, ní ilẹ̀ Jámánì, ni irú idẹ tí wọ́n fi rọ ẹ̀gbà wọ̀nyí ti wá. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: ní ọdún 2022, Jámánì gbà láti dá àwọn ère Bìní tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó sì kó 20 wá sí Àbújá lóṣù Kejìlá. Idẹ tó ti ibẹ̀ wá tún ti ibẹ̀ padà wálé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, idẹ jẹ́ ti Ọ̀ṣun àti ti Ògbóni. Kì í dípẹtà bí irin, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi sí ibi tí nǹkan kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú àti ará Òbó lókè Èkìtì mọ ọn rọ dáadáa, wọ́n ń rọ ẹdan, wọ́n ń rọ agogo, wọ́n ń rọ ẹ̀gbà. Igi ni ẹlẹ́ṣin wa sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe idẹ. Ẹ ó bá a lábẹ́ agere Ifá, tó ru àwo ikin. Ẹ ó bá a lára òpó ààfin, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní ọdún 1938, gbẹ́, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní New York báyìí: jagunjagun lórí ẹṣin, obìnrin nísàlẹ̀ tó fi orí rù ú.

Ní Yewa ńkọ́? Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ ó ti rí i. Margaret àti Henry Drewal, tí wọ́n kọ ìwé ńlá lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 1983, ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó àti Kétu àti àwọn ìlú agbègbè wọn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í sin ohun àtijọ́ nìkan. Ohun tó bá wà lóde ló ń gbé lórí. Gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ ẹlẹ́ṣin, á gbẹ́ ọlọ́dẹ, á gbẹ́ ejò tó ń gbé ẹranko mì. Nígbà tí alùpùpù dé, wọ́n gbé e gun orí ère náà. Lójú tèmi, ẹlẹ́ṣin àti ọlọ́kadà ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀: ẹni tó ti kúrò lórí ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan erùpẹ̀ mọ́, tí gbogbo èèyàn ń gbé ojú sókè wò.

Kọjá ẹnubodè, ní Àgbómẹ̀, ìdílé Huntondji ló ń rọ idẹ àti fàdákà fún àwọn ọba Dàhọ̀mì. Títí di àsìkò yìí ni wọ́n ń rọ ère kéékèèké níbẹ̀: ọdẹ pẹ̀lú ìbọn, àgbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, ọba tí wọ́n gbé, àti ẹlẹ́ṣin. Ní Kùtọnu wọ́n ń tà á fún àlejò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, pé ọmọ àwọn tí ẹṣin Ọ̀yọ́ lé wọ igbó ló ń rọ ẹṣin tà.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn wà tí wọ́n fi idẹ rọ lórí ẹṣin: darandaran màlúù. Frederic Remington, tí wọ́n bí ní ọdún 1861, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ère rẹ̀ kan tó ṣe ní ọdún 1895, The Broncho Buster, wà ní ọ́fíìsì ààrẹ Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹṣin ìgbẹ́ ni, ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó ń fẹ́ ju ẹni tó gùn ún nù. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé pàṣán. Iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rọ ọ́, kí Remington tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìda rọ ọ́, ọgbọ́n kan náà tí Igbo-Ukwu ti mọ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú.

Ẹ gbé méjèèjì ko ara wọn. Ẹṣin Remington ń fò. Ẹṣin tiwa dúró. Ẹni tó gun ti Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ni, owó oṣù ló ń gbà, màlúù ọlọ́màlúù ló ń dà. Ẹni tó gun tiwa kò dà màlúù kankan. Ní Yewa, ẹsẹ̀ ni Fúlàní darandaran fi ń rìn tẹ̀lé màlúù, igi rẹ̀ léjìká. Ọba àti balógun ni ẹṣin wà fún. Ọba kì í fò, wọn kì í sì í rí i kó máa bá ẹṣin jìjàkadì lójú gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ṣin wa fi jókòó gbọnyin, tí ó tóbi ju ẹṣin rẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó kan rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà kò mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó ni. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni tó lè ya ìlà ojú wẹ́wẹ́ sára igi líle mọ ìwọ̀n ẹṣin. Orí ọba ló fẹ́ kí ẹ rí, ẹṣin kàn jẹ́ àga tó ń rìn.

Ẹ ṣì lè rí i láàyè ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Ojúde Ọba nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìdílé Balógun Kúkù àti àwọn ìdílé balógun yòókù bá gẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ìjẹ̀bú, tí igbó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ̀, ló wá ń fi ẹṣin dárà jù lọ lónìí.

Ọ̀nà Yewa ní tirẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1836, Dàhọ̀mì sì yíjú padà sí àwọn tí ẹṣin ti ń dáàbò bò. Wọ́n kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, wọ́n kó Kétu ní 1886. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sí àárín ilẹ̀ náà, Àgọ́ṣáṣá bọ́ sí ẹ̀bá ìlà. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀ràn ẹṣin ni ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọba, oyè, àti àwọn ère tó wà nínú ilé àti ojúbọ.

Àwọn ère yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará ẹnubodè sọ. Àwọn oníṣòwò ère ń rìn káàkiri. Wọ́n mọ iye tí ẹlẹ́ṣin kékeré kan ń pa ní Yúróòpù, wọn kò sì ní sọ ọ́ fún yín. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ìbáà jẹ́ igi tàbí idẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta létí. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.